Oníbàárà Yúróòpù ní ká buwọ́ lùwé REACH fún sálúbàtà PVC: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Àgbárá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Sálúbàtà PVC là ń ṣe, òṣìṣẹ́ wa kò ju 120 lọ. Oníbàárà kan ní Jámánì fẹ́ ra kọ̀ǹténà kan, àmọ́ ó ní ká kọ́kọ́ buwọ́ lùwé pé ọjà wa bá REACH mu, ìyẹn òfin kẹ́míkà Yúróòpù, pé kò sí SVHC (kẹ́míkà tí ewu rẹ̀ pọ̀ gan-an) tó ju 0.1% lọ nínú rẹ̀. Súpláyà 34 ló ń kó ẹrù fún wa: PVC, DOP (epo tó ń mú PVC rọ̀), kálà, irin ìdè, íǹkì, gọ́ọ̀mù, páálí. Ọ̀gá ní kí n kọ lẹ́tà kan náà sí gbogbo wọn kí kálukú buwọ́ lù ú. Ṣé ìyẹn tó? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù.

Ará Birmingham:
Kí a tó dé orí lẹ́tà, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí òfin dì mú. REACH, òfin 1907/2006 ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kò di ilé iṣẹ́ tó wà ní Àgbárá mú. Ẹni tó gbé ọjà wọ Jámánì ló dì mú. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn, àdéhùn òwò ti gbé ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀ wá sórí yín. Ẹ kà á dáadáa kí bírò tó kàn án.

Nǹkan méjì ni wọ́n dà pọ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni SVHC, àwọn kẹ́míkà tí àjọ ECHA ní Helsinki kọ sínú àkọsílẹ̀ pé ewu wọn pọ̀ gan-an. Wọ́n ti lé ní 240. Pé kẹ́míkà kan wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fòfin dè é. Ohun tí òfin ní kí ẹni tó ń ta ọjà náà ní Yúróòpù ṣe ni pé, bó bá ju 0.1% lọ, kó sọ fún ẹni tó ń rà á, ó kéré tán kó dárúkọ rẹ̀ fún un. Bí aráàlú tó rà á ní ṣọ́ọ̀bù bá béèrè, ọjọ́ 45 ni olùtajà ní láti fi dá a lóhùn. Agbéwọlé á tún kọ ọjà náà sínú SCIP, àkọsílẹ̀ ECHA fún ọjà tó ní SVHC, èyí tó ti di dandan láti ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2021.

Èkejì ni Annex XVII, àfikún kan nínú òfin REACH. Ibẹ̀ ni ìfòfindè gan-an wà, kò sì sí "a ti sọ fún wọn" níbẹ̀. Fún PVC tó rọ̀, àròpọ̀ phthalate mẹ́rin tí wọ́n fi ń mú PVC rọ̀, DEHP, DBP, BBP àti DIBP, kò gbọdọ̀ tó 0.1%, láti ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2020. Sálúbàtà ń kan ara lójoojúmọ́, kò sí ọ̀nà àbùjá fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni orí ohun tí wọ́n ń ṣírò 0.1% náà lé. Kì í ṣe odindi bàtà. Ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti dá a lẹ́jọ́ ní 2015 pé ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tò pọ̀ di ọjà, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bí irin ìdè yín bá wọn gíráàmù 4, tí bàtà sì wọn 300, gíráàmù 4 yẹn nìkan ni wọ́n máa fi pín. Ẹni tó bá ní "òjé inú irin náà kò tó nǹkan lára bàtà", kò tíì ka òfin.

Akọ̀wé Ìrajà:
Lẹ́tà tó bá béèrè pé "ṣé ẹ bá REACH mu?", "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò bí. Kò sí súpláyà tó máa kọ "rárá" síbẹ̀. Àwọn míì tiẹ̀ rò pé oríṣi ìwé ẹ̀rí kan bíi ti SON ni REACH, pé àwọn ti gbà á.

Ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn ni èyí tí irọ́ kò rọrùn láti pa sí: orúkọ tí wọ́n ń pe ọjà náà lọ́jà, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an (kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á ní Ọjọ́ta), nọ́ńbà CAS (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan mọ̀) gbogbo èròjà tó bá tó 0.1%, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àti ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ SVHC tí wọ́n fi wé e jáde. Kí ẹ sì fi gbólóhùn kan kún un pé bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ èròjà tàbí ibi tí wọ́n ti ń rà á, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún yín kí wọ́n tó kó o wá. Gbólóhùn yẹn ló wúlò jù nínú gbogbo ìwé náà, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ kọ ọ́ sínú LPO (ìwé tí ẹ fi ń ra ọjà), má fi sínú lẹ́tà nìkan. LPO ni wọ́n máa ń kà, torí owó wà níbẹ̀.

Pámíìtì NAFDAC tí wọ́n fi kó kẹ́míkà wọ Nàìjíríà, tàbí SONCAP, ìwé ẹ̀rí SON fún ọjà tó ń wọlé, wọn ò dáhùn ìbéèrè yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n dí yín lójú.

Ìyá Láàbù:
Súpláyà 34 kì í ṣe iṣẹ́ 34. Ẹ to èròjà yín sí ọ̀nà mẹ́ta lórí tábìlì, ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá ní ti gidi.

Ohun tó rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: àtẹ́lẹsẹ̀, okùn, àti íǹkì tí ẹ fi tẹ àmì sórí rẹ̀. Íǹkì yẹn ni kò sẹ́ni tó ń rántí. Íǹkì tí wọ́n fi ń tẹ nǹkan sórí PVC sábà máa ń ní epo tó ń jẹ́ kó rọ̀ nínú, epo náà sì lè jẹ́ DEHP. Àmì kékeré bẹ́ẹ̀ lórí okùn lè ba kọ̀ǹténà jẹ́.

Ohun tó ní àwọ̀ líle tẹ̀ lé e: pupa, yẹ́lò, ọsàn. Yẹ́lò tó mọ́lẹ̀ rekete tí owó rẹ̀ sì rọjú gan-an, ẹ fura sí i. Lead sulfochromate ló sábà máa ń jẹ́, CAS 1344-37-2, tàbí ti pupa, 12656-85-8. Méjèèjì wà nínú àkọsílẹ̀ SVHC. Cadmium nínú PVC kò gbọdọ̀ ju 0.01% lọ. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá dúdú, tí ó sì ní rọ́bà nínú, PAH, àwọn kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ, ni kí ẹ béèrè: mílígíráàmù 1 nínú kílò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́jọ tí òfin dárúkọ.

Ìkẹta ni irin. Níkẹ́lì tó ń tú jáde sí ara kò gbọdọ̀ ju 0.5 µg/cm² lọ lọ́sẹ̀ kan, ìwọ̀n EN 1811 ni wọ́n fi ń wò ó. Bí ó bá jẹ́ idẹ ni wọ́n fi ṣe é, òjé sábà máa ń wà nínú idẹ tí wọ́n gbẹ́, torí òun ló ń jẹ́ kó rọrùn fún ẹ̀rọ láti gé. Òjé ti wà nínú àkọsílẹ̀ SVHC láti oṣù Kẹfà ọdún 2018.

Páálí tí ẹ fi dì í, ẹ fi sí ẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ń ju àpò kékeré tó ń jẹ́ kí bàtà má bu sínú páálí nítorí ọ̀rinrin inú kọ̀ǹténà. Silica gel kò burú. Èyí tó ní dimethylfumarate, CAS 624-49-7, ti bó ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́sẹ̀ ní Yúróòpù, mílígíráàmù 0.1 nínú kílò ni ààlà rẹ̀.

Bàbá Míkísà:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ ń fò kọjá lórí èyí tó wà nínú ìbéèrè ọmọ yìí. Ó ní "DOP". DOP tí wọ́n ń tà lọ́jà ni DEHP gan-an, CAS 117-81-7. Bí DOP bá wà nínú bàtà yẹn, kò sí ìwé tí súpláyà máa buwọ́ lù tó máa gbà yín. PVC tó rọ̀ bíi ti sálúbàtà máa ń ní tó 30% epo nínú. Ẹ ti fi ìlọ́po 300 kọjá ààlà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

DOTP, CAS 6422-86-2, ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Kò sí lára àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ju DOP lọ kí PVC tó fà á mu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí míkísà gbóná díẹ̀ sí i, tàbí kó pẹ́ díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá fi àkókò ti DOP sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, páúdà náà máa tutù bí ẹni da omi sí i, á sì máa dì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀tàn wà báyìí. Ẹ ti ra DOTP, ìwé rẹ̀ pé, láàbù súpláyà mọ́. Àmọ́ páìpù àti pọ́ǹpù kan náà ni ẹ fi ń fà á, DOP àná ṣì wà nínú rẹ̀. Kílò kan DOP nínú tọ́ọ̀nù kan PVC ni 0.1% géérégé. Kílò kan, tí kò ju lítà kan lọ púpọ̀! Ẹ tú páìpù oní-mítà mẹ́wàá, kí ẹ wo bí èyí tó máa kán jáde ṣe pọ̀ tó.

Èkejì ni àlòkù tí ẹ tún lọ̀. Ilé iṣẹ́ wo ni kì í da etí sálúbàtà tó ṣẹ́kù padà sínú ẹ̀rọ? Bí àlòkù náà bá jẹ́ ti ìgbà DOP, 30% ló wà nínú rẹ̀. Kílò 3.3 péré nínú tọ́ọ̀nù kan, ẹ ti dé 0.1%. Báàgì 25 kílò kan ṣoṣo tí ẹnì kan bá ṣèèṣì dà sí i máa fún yín ní 0.75%. Ti àlòkù tí ẹ rà níta ló burú jù, èyí tí wọ́n bó lára wáyà iná: DOP wà níbẹ̀, òjé tí wọ́n fi ń dènà ooru náà wà níbẹ̀, òjé nínú PVC sì ti wà lábẹ́ òfin 0.1% ní Yúróòpù láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024.

Fún kọ̀ǹténà yìí, PVC tuntun nìkan. Kí àlòkù má kan yàrá yẹn rárá.

Ọmọ Àgbárá:
Háà. Bàbá, DOP ni à ń lò lóòótọ́. Súpláyà kan ti fún mi ní ìwé SDS rẹ̀ (ìwé ààbò kẹ́míkà), "plasticiser blend" ló kọ síbẹ̀, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni 117-81-0. Ṣé ìyẹn yàtọ̀?

Tísà Kẹ́míkà:
Nọ́ńbà yẹn kò sí láyé. Ọ̀nà wà tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ nọ́ńbà tó kẹ́yìn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ka ìyókù láti apá ọ̀tún. Fún 117-81, ẹ máa ka 1, 8, 7, 1, 1. Ẹ fi 1 sọ àkọ́kọ́ di púpọ̀, 2 sọ èkejì, 3 sọ ẹ̀kẹta, títí lọ, kí ẹ ro wọ́n pọ̀: 1 + 16 + 21 + 4 + 5 = 47. Ẹyọ tó kẹ́yìn nínú 47 ni 7. Nítorí náà 117-81-7 ló tọ̀nà, 0 kò lè dúró níbẹ̀.

Ó lè jẹ́ àṣìtẹ̀ DEHP, ó sì lè jẹ́ pé 117-84-0 ni wọ́n ní lọ́kàn, ìyẹn ẹ̀yà míì tí wọ́n tún ń pè ní dioctyl phthalate, tí kò sí lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fún wọn ní àyè méjì yẹn. Ẹ dá SDS náà padà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ìṣirò yìí ṣeé gbé sínú Excel fún gbogbo èròjà àwọn súpláyà 34 náà, ọ̀sán kan ló gbà. Àṣìtẹ̀ ló ń mú o, kò mú irọ́.

Ẹ fọkàn sí i pé ìwé SDS kò tó fún 0.1%. Apá kẹta rẹ̀ ló ń dárúkọ èròjà, àmọ́ bí wọ́n bá kọ ọ́ lórí òfin orílẹ̀-èdè míì, èròjà tí kò bá dé 0.3% lè má hàn níbẹ̀ rárá. SDS tó mọ́ tónítóní lè máa bo 0.2% mọ́lẹ̀.

Ọmọ Àgbárá:
Mo dúpẹ́ gan-an, Tísà. Láàbù kan ní kí n da àwọ̀ mẹ́ta pọ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, owó á dínkù. Ṣé kò léwu?

Ìyá Láàbù:
Ó léwu bí ẹ kò bá mọ bí a ṣe ń ka èsì rẹ̀. Ẹ sọ pé ẹ da búlúù, pupa àti funfun pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, èsì DEHP ní 0.04%. Ó dà bíi pé ó mọ́. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé inú pupa nìkan ló ti wá, 0.12% ló wà nínú pupa, pupa ti ṣubú. Bí ẹ bá da mẹ́ta pọ̀, 0.033% ni ààlà yín, kì í ṣe 0.1%. Bí èsì bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ tú wọn ká, ẹ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Láàbù tó dáa máa sọ èyí fún yín kí ẹ tó béèrè. Èyí tí kò bá sọ ọ́, ẹ bi í léèrè bóyá ìwé ẹ̀rí ISO/IEC 17025 rẹ̀ kan àyẹ̀wò phthalate ní pàtó. Ìwé ẹ̀rí náà máa ń ní àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n gbà wọ́n láyè fún. Ó lè jẹ́ omi mímu nìkan ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀rọ láàbù tí wọ́n ń pè ní GC-MS ni àyẹ̀wò phthalate ń fẹ́. Ẹ̀rọ XRF tí wọ́n ń gbé kiri bí ìbọn kò rí phthalate rárá. Ó dáa fún òjé àti cadmium, ṣùgbọ́n chromium lápapọ̀ ló ń kà, kò mọ èyí tó jẹ́ chromium VI. Bí okùn yín bá jẹ́ awọ, mílígíráàmù 3 nínú kílò ni ààlà chromium VI, láàbù nìkan ló lè sọ ọ́. Arsenic àti òjé tún máa ń dàpọ̀ mọ́ ara wọn lójú XRF, ẹni tí kò mọ̀ yóò máa pariwo òjé níbi tí kò sí.

Sáńpù tí súpláyà fọwọ́ ara rẹ̀ mú wá, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti wẹ̀ ni. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ bù ú láti inú báàgì tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí yín, gíráàmù 200, kí ẹ kọ nọ́ńbà bátìṣì sí i lára, kí ẹ pín in sí méjì. Ìdajì lọ sí láàbù, ìdajì jókòó sí kọ́bọ́ọ̀dù. Inú ìgò tàbí bébà àlúmíníọ̀mù ni kó wà, kì í ṣe ọ̀rá PVC: epo máa ń rìn láti ara ọ̀rá wọ inú sáńpù.

Bàbá Míkísà:
Fún ẹni tí kò mọ̀ bóyá PVC ni nǹkan kan tàbí EVA, oríṣi ike rírọ̀ míì: ẹ mú wáyà bàbà tín-ín-rín, ẹ fi pílíásì dì í, ẹ sun ún títí iná kò fi ní ní àwọ̀ ewé mọ́. Ẹ fi ìgbóná rẹ̀ kan ike náà, kó lẹ̀ mọ́ ọn díẹ̀, kí ẹ dá a padà sínú iná. Bí iná bá di ewé, chlorine wà níbẹ̀, PVC ni. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, èéfín rẹ̀ ń ta. Kò sọ fún yín bóyá DOP wà. Ó kàn ń jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó yẹ kó lọ sí láàbù. EVA kì í sábà nílò epo tó ń mú kó rọ̀.

Akọ̀wé Ìrajà:
Lórí èsì láàbù tí súpláyà bá fi ránṣẹ́: ẹ wo fọ́tò sáńpù tó wà nínú rẹ̀. Èsì "PVC dúdú" kò bo búlúù tí ẹ ń rà. Ẹ wo orúkọ ẹni tó sanwó àyẹ̀wò, ọjọ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà ìwé náà. Ẹ pe láàbù fúnra rẹ̀ kí ẹ bi í bóyá nọ́ńbà yẹn wà. Má pe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé, ẹ wá ti láàbù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ará Birmingham:
Kí ẹlòmíràn tó ń kà á má baà ṣìnà: ìlú ọba ti ní REACH tirẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021, àjọ HSE tiwọn ló ń bójú tó o, àkọsílẹ̀ SVHC rẹ̀ kì í bá ti Yúróòpù dọ́gba. Northern Ireland ṣì wà lábẹ́ ti Yúróòpù. Ìwé tí ẹ kọ fún Jámánì, ẹ má kàn pa orúkọ dà kí ẹ fi ránṣẹ́ sí London.

Ọmọ Àgbárá:
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àkọsílẹ̀ SVHC máa ń yí padà. Bí wọ́n bá fi tuntun kún un nígbà tí kọ̀ǹténà wà lórí omi ńkọ́?

Ará Birmingham:
Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń fi kún un, ní oṣù Kìíní àti oṣù Kẹfà. Lọ́jọ́ tí orúkọ bá wọlé ni ojúṣe sísọ bẹ̀rẹ̀, kò sí oore-ọ̀fẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ buwọ́ lu "kò sí SVHC kankan" láìfi ọjọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ECHA ti ọjọ́ báyìí, lórí ìwé súpláyà àti èsì láàbù nọ́ńbà báyìí, kò sí SVHC tó ju 0.1% lọ nínú àtẹ́lẹsẹ̀, okùn, íǹkì àti irin ìdè bàtà nọ́ńbà báyìí, bátìṣì báyìí." Oníbàárà tó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ máa fẹ́ràn ìyẹn ju fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ. Kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ìwé fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá tà á kẹ́yìn. Iye tí òfin béèrè lọ́wọ́ agbéwọlé nìyẹn, ẹ̀yin ló sì máa yíjú sí.

Ọmọ Àgbárá:
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Páìpù la máa kọ́kọ́ tú ní Mọ́ńdè. Bàbá, ṣé omi ọṣẹ gbígbóná lè fọ DOP kúrò nínú rẹ̀?

Bàbá Míkísà:
Má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó bá kù nínú páìpù máa di ihò wínníwínní nínú bàtà yín. DOTP fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án. Ẹ fa 20 lítà kọjá, ẹ dà á sí dúrọ́ọ̀mù tí ẹ kọ "ÌFỌ̀, MÁ LÒ" sí lára, ẹ tún fa 20 míì. Ẹ bu èyí tó kẹ́yìn fún láàbù kí ẹ tó da PVC kankan sí míkísà. Bí páìpù náà bá jẹ́ ọ̀rá PVC, ẹ má fọ̀ ọ́ rárá, ẹ sọ ọ́ nù. DOP ti wọ inú ara rẹ̀.